Àjẹsára ọmọ láàrin Bouaké àti Èjìgbò: Kí ló yẹ kí òbí ṣe bí ìrìnàjò bá bọ́ sí àárín ọjọ́ abẹ́rẹ́?

Ní Ọjà Ńlá ìlú Bouaké lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Grand Marché, ìṣirò kì í ṣòro fún oníṣòwò. Aláṣọ mọ iye ọ̀pá tó kù nílẹ̀. Ẹni tó ń ta ohun èlò ìdáná mọ ọjọ́ tí ẹrù rẹ̀ yóò wọlé láti Abidjan. Alájọ mọ ẹni tó kàn láti kó owó. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà tó máa ń tètè bọ́ lọ́wọ́ òbí nínú wàhálà ọjà: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, oṣù mẹ́sàn-án.

Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni ètò àjẹsára yàn fún ọmọ ọwọ́. Bí ìyá bá wà lójú kan, ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀sì rán an létí. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, àwọn tí wọ́n ń pè ní Anango níbẹ̀, ọmọ lè gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní Bouaké, kí ó sì pé oṣù mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìbéèrè tó wà níwájú irú òbí bẹ́ẹ̀ ni pé: ta ni yóò ka ọjọ́ ọmọ náà parí?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti àjọ UNICEF ṣírò pé ní 2024, ọmọ ọwọ́ tó tó mílíọ̀nù 14.3 lágbàáyé ni kò gba ẹyọ abẹ́rẹ́ àjẹsára kan. Nàìjíríà ló ní iye tó pọ̀ jù lọ nínú wọn, ó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Àwọn mílíọ̀nù mìíràn bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò parí rẹ̀. Inú ìsọ̀rí kejì yìí ni ọmọ tí ìrìnàjò gé àjẹsára rẹ̀ sí méjì máa ń bọ́ sí.

Ọjà tó wà ní oríta

Bouaké ni ìlú kejì tó tóbi jù lọ ní Côte d'Ivoire. Àárín orílẹ̀-èdè náà ló wà, lójú ọ̀nà tó ti Abidjan lọ sí Burkina Faso àti Mali, ìdí sì nìyí tí ọjà rẹ̀ fi ń fa èrò láti ibi gbogbo. Iná jó ọjà náà ní 1998, àwọn oníṣòwò sì fọ́n ká sí ojú pópó. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2002, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, Bouaké sì di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó gba apá àríwá orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì ìjọba sá kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 2019 ni Ààrẹ Alassane Ouattara àti Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, fi òkúta ìpìlẹ̀ ọjà tuntun lélẹ̀.

Ní ti àwọn ará Èjìgbò, ìrìnàjò sí Côte d'Ivoire ti di àṣà láti ìran dé ìran. Ọkọ̀ èrò a máa gbéra láti Èjìgbò lọ sí Abidjan, yóò sì gba ilẹ̀ Benin, Togo àti Ghana kọjá. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà náà rí mọ̀ pé wọ́n lè béèrè káàdì aláwọ̀ ìyeyè, ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú, ní ẹnubodè. Nítorí náà, àgbàlagbà a máa tọ́jú káàdì tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà. Káàdì àjẹsára ọmọ kì í sábà rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀ṣọ́ ibodè tó ń béèrè rẹ̀.

Kí ni ọmọ ń gbà, nígbà wo?

Ètò àjẹsára Nàìjíríà àti ti Côte d'Ivoire jọra púpọ̀, nítorí orísun kan náà ni wọ́n ti wá, ìyẹn ètò tí WHO dá sílẹ̀ ní 1974. Bí ó ṣe tò nìyí:

Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ: Abẹ́rẹ́ BCG tó ń gbógun ti ikọ́ ife, àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu, àti abẹ́rẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Ó dára jù kí ọmọ gba ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B láàrin wákàtí 24 tí wọ́n bí i.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá: Abẹ́rẹ́ Penta ni aṣáájú níbí. Abẹ́rẹ́ kan ni, ṣùgbọ́n ó ń dènà àrùn márùn-ún: difitéríà tó ń dí ọ̀nà ọ̀fun, tẹ́tánọ́ọ̀sì, ikọ́ àwúbì, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, àti àrùn tí kòkòrò Hib ń fà, tí yírùnyírùn àti òtútù àyà wà lára rẹ̀. Ọmọ yóò tún gba abẹ́rẹ́ PCV fún òtútù àyà àti ẹ̀kán rọpárọsẹ̀. Àjẹsára rotavirus, èyí tó ń dènà ìgbẹ́ gbuuru líle, wà láàrin àkókò yìí pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fún ọmọ ní èyí, gẹ́gẹ́ bí irú tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń lò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ yóò tẹ̀lé ẹ̀kán ẹnu.

Ní oṣù mẹ́sàn-án: Abẹ́rẹ́ èèyi àti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ yírùnyírùn tún wà pẹ̀lú wọn.

Láàrin oṣù 15 sí 18: Abẹ́rẹ́ èèyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Èyí ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń gbàgbé jù, nítorí ọmọ ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ti parí.

Láti ọdún mẹ́sàn-án, àwọn ọmọbìnrin tún ní abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2019, Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2023.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ka ọ̀sẹ̀?

Ọjọ́ wọ̀nyí kì í ṣe ọjọ́ tí ìjọba kàn yàn. Nígbà tí ọmọ bá wà nínú oyún, ara ìyá a máa fún un ní èròjà ìdáàbòbò díẹ̀. Bí oṣù ti ń gorí oṣù lẹ́yìn ìbí, èròjà náà ń dín kù. Ikọ́ àwúbì, fún àpẹẹrẹ, burú jù fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù díẹ̀, nítorí náà ni Penta àkọ́kọ́ kò fi lè dúró ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Ti èèyi yàtọ̀. Bí wọ́n bá tètè fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ èèyi, èròjà tó gbà lára ìyá lè má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń dúró di oṣù mẹ́sàn-án.

Lóṣù mẹ́sàn-án pàápàá, nínú ọmọ 100 tó gba abẹ́rẹ́ èèyi, nǹkan bí 85 ni ara wọn yóò gbà á. Abẹ́rẹ́ kejì ló ń kó àwọn tó kù mọ́ra. Ẹni kan tó ní èèyi lè kó o ran èèyàn 12 sí 18 níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ìdáàbòbò. Fún ọjà tí àtẹ ti fara kan àtẹ, tí ọmọ sì ń sùn lábẹ́ tábìlì ìyá rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó yẹ kí ọmọ 95 nínú 100 ti gba abẹ́rẹ́ méjèèjì kí èèyi tó lè rí ìdènà ní àdúgbò kan.

Láàrin Penta kan sí èkejì, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí wọ́n bá fúnni ṣáájú àkókò yìí kò ṣeé kà. Èyí tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì ṣeé kà, ṣùgbọ́n ọmọ náà wà láìní ìdáàbòbò tó péye ní gbogbo àkókò tí ó fi ń dúró.

Ọ̀nà kan wà tí ìyá Yorùbá fi lè ka ọjọ́ náà láìwo kàlẹ́ńdà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń ka ogójì ọjọ́ fún ìyá ọmọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ọjọ́ 42. Nítorí náà, bí ogójì ọjọ́ bá ti pé, ọjọ́ méjì péré ló kù. Bí wọ́n bá sì bí ọmọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá rẹ̀ yóò máa bọ́ sí. Ohun kan ni kí a ṣọ́ra fún: nígbà tí Yorùbá bá ń ka ọjọ́ mẹ́jọ ìsọmọlórúkọ, wọ́n máa ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn. Nílé ìwòsàn, ọjọ́ kejì ìbí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ibi tí okùn ti ń já

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ìyá kan bímọ ní Bouaké. Ọmọ náà gba BCG, ó sì gba Penta àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ìsìnkú gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Èjìgbò. Ọ̀sẹ̀ méjì ló pinnu láti lò, ó sì lo oṣù méjì. Káàdì ọmọ wà nínú àpótí ní Bouaké. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá kọjá. Kò lọ sí ilé ìwòsàn ní Èjìgbò, nítorí ó rò pé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè parí rẹ̀. Nígbà tó padà dé Bouaké, ojú ń tì í láti lọ, ó ń bẹ̀rù pé nọ́ọ̀sì yóò bá òun wí, tàbí pé wọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti orí.

Èrò méjèèjì yìí kò tọ̀nà. Àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn ìjọba tó ń fúnni ní àjẹsára ní orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lójú ọ̀nà náà lè tẹ̀síwájú níbi tí ìkejì dúró dé. Penta tí wọ́n ń lò ní Bouaké àti èyí tí wọ́n ń lò ní Èjìgbò, àrùn márùn-ún kan náà ni wọ́n ń dènà. Ọ̀fẹ́ sì ni àjẹsára inú ètò yìí ní ilé ìwòsàn ìjọba ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Èkejì, ìlànà WHO ni pé bí ètò ọmọ bá dá dúró, ńṣe ni kí wọ́n máa bá a lọ láti ibi tó dé. Wọn kì í tún un bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó gba Penta kan, tó sì ti pé oṣù márùn-ún, yóò gba ìkejì lọ́jọ́ náà, yóò sì gba ìkẹta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Bí káàdì bá sọnù ńkọ́, tí kò sì sí àkọsílẹ̀ níbì kankan? Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yóò ka ọmọ náà sí ẹni tí kò tíì gbà á, wọn yóò sì fún un. Àtúngbà kan tí ọmọ kò nílò kì í sábà fa ewu. Ewu tó pọ̀ jù ni kí wọ́n máa rò pé ọmọ ti gbà nígbà tí kò tíì gbà.

Ikọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀fìnkìn kì í ṣe ìdí láti dá ọmọ padà sílé. Ara gbígbóná díẹ̀ tàbí wíwú ojú abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kì í ṣe ohun tuntun lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ojú BCG lè di egbò kékeré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò sì fi àpá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá gbóná gidigidi, bí gìrì bá mú un, tàbí bí kò bá lè mu ọmú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Kíka káàdì Faransé fún nọ́ọ̀sì ní Èjìgbò

Ìdènà kan tí àwọn aláṣẹ kì í sábà rò ni èdè. Káàdì tí wọ́n ń fún ọmọ ní Bouaké, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ní Ọ̀ṣun lè wò ó kí ó má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀.

BCG ni BCG ní èdè méjèèjì. Penta ni Penta; àwọn káàdì mìíràn a máa kọ ọ́ ní DTC-HepB-Hib. VPO ni ohun tí wọ́n ń pè ní OPV ní Nàìjíríà, ẹ̀kán rọpárọsẹ̀. VPI ni IPV, abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀. Rougeole ni èèyi. RR ni abẹ́rẹ́ tó da èèyi pọ̀ mọ́ rùbẹ́là. VAA tàbí fièvre jaune ni ibà pọ́njú. Semaines ni ọ̀sẹ̀, mois ni oṣù, naissance sì ni ìbí. Rendez-vous ni ọjọ́ tí wọ́n ní kí ìyá padà wá. Òbí tó bá mọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lè jókòó pẹ̀lú nọ́ọ̀sì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibodè, kí wọ́n sì yé ara wọn.

Àjẹsára kan ṣoṣo ni ìrìnàjò lè da ètò rẹ̀ rú gan-an: ti ibà. Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ sí í lo àjẹsára ibà R21 ní ọjọ́ 15 oṣù Keje 2024. Ìwọ̀n 656,600 ló kọ́kọ́ wọlé, fún ọmọ 250,000 tí kò tíì pé ọdún méjì, ní agbègbè 16. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2024, ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa nìkan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á, láti nǹkan bí oṣù márùn-ún. Nítorí pé kò tíì kárí ibi gbogbo, òbí tí ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà á bí ohun tó dájú pé yóò bá a níbi tó ń lọ. Ó yẹ kí ó béèrè kí ó tó gbéra.

Ohun tí ọdún 2003 fi hàn

Ìdí wà tí àjẹsára ọmọ kan ní Èjìgbò fi kan ọmọ mìíràn ní Bouaké. Ní 2003, ìpínlẹ̀ Kano dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró nítorí àhesọ pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Ó di àárín 2004 kí wọ́n tó padà sí i. Láàrin àkókò náà, kòkòrò rọpárọsẹ̀ tó ti Nàìjíríà jáde tún yọjú ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Benin, Togo, Ghana, Burkina Faso àti Côte d'Ivoire wà lára wọn. Ọ̀nà tí èrò ń rìn ni àrùn náà bá rìn.

Nígbà náà, Bouaké ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ètò ìlera ibẹ̀ sì ti dojú rú. Ní oṣù Kẹwàá 2004, orílẹ̀-èdè 23 ní Áfíríkà pawọ́ pọ̀ láti fún ọmọ mílíọ̀nù 80 ní àjẹsára. Ó gba ọdún 16 mìíràn kí WHO tó kéde, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2020, pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ẹkùn Áfíríkà. Síbẹ̀, oríṣi mìíràn, tó ń jẹyọ láti ara kòkòrò inú ẹ̀kán ẹnu níbi tí ọmọ tí kò gba àjẹsára bá ti pọ̀, ti yọjú ní Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire láti ìgbà náà.

Difitéríà náà fi ẹ̀kọ́ kan náà hàn. Ọ̀pọ̀ dókítà ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà kò rí i rí àfi nínú ìwé, títí ó fi bẹ́ sílẹ̀ ní òpin 2022, tí Kano sì fara gbá a jù lọ. Penta, abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá, ló ń dènà rẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹ̀bi ìyá nìkan ni?

Rárá. Ìgò BCG kan máa ń ní ìwọ̀n ọmọ 20 nínú, ti èèyi sì sábà ní ti ọmọ 10. Bí wọ́n bá ti ṣí i tí wọ́n sì pò ó, wákàtí mẹ́fà péré ló ní. Ohun tó bá ṣẹ́kù di dídànù. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìwòsàn kan fi ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un, tí wọ́n sì ń ní kí ìyá tó dé lọ́jọ́ mìíràn padà wá. Fún obìnrin tó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ kí ó tó wá, ìpadàbọ̀ yẹn jẹ́ owó ọjọ́ mìíràn. Ìmọ̀ràn WHO ni pé kí wọ́n ṣí ìgò nítorí ọmọ kan ṣoṣo, nítorí ọmọ tí wọ́n dá padà lónìí lè má padà wá mọ́.

Owó tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àjọ Gavi ló ń ran ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà lọ́wọ́ láti ra àjẹsára. Ní oṣù Kẹfà 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé òun kò ní fún un lówó mọ́. Bílíọ̀nù 11.9 dọ́là ni Gavi ń wá fún 2026 sí 2030. Ìlérí tó rí gbà ní Brussels lóṣù kan náà lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 9. Ìrànwọ́ Gavi fún Nàìjíríà sì ti ní gbèdéke, 2028. Bí owó bá ń dín kù, àwọn ọmọ tó ṣòro láti rí ni ètò yóò kọ́kọ́ fò: àwọn tó wà lórí ìrìn, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ilé ìwòsàn kan pàtó.

Ètò ìlera ń ka ọmọ nípa ibi tó ń gbé, nígbà tó jẹ́ pé ìgbésí ayé àwọn ìdílé wọ̀nyí wà ní ibi méjì. Títí àwọn ìjọba yóò fi rí ọ̀nà láti jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ọmọ máa bá a rìn, káàdì pẹlẹbẹ yẹn nìkan ni ẹ̀rí tó kọjá ibodè.

Nítorí náà, ibi tí káàdì aláwọ̀ ìyeyè wà ni kí ti ọmọ náà wà. Kí òbí ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà tí ọmọ ń lọ bá. Kí ó sọ ọjọ́ tó kàn fún un, kí ó sì sọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, kí wọ́n gbé ọmọ lọ lọ́jọ́ tí ilé ìwòsàn tún bá ti ń fúnni. Ìyá àgbà tó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà Èjìgbò lè mọ ọjọ́ tí ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò pé oṣù mẹ́sàn-án.